Nígbà Tí Tẹlifóònù Dún ní Leuven

Ní àárọ̀ ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2001, ọkọ̀ ojú irin kan tí kò kó èrò gbéra ní ìlú Wavre, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Iná pupa ló ń tàn níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà kò dúró. Ó kọjá, ó sì bọ́ sórí irin tí kì í ṣe tirẹ̀, irin tí ọkọ̀ mìíràn tó kó èrò ń gbà bọ̀ láti ìhà Leuven. Òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ ní Wavre rí i pé nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Ó gbé tẹlifóònù, ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leuven kí wọ́n lè wá nǹkan ṣe sí i. Ojú irin kan náà làwọn méjèèjì jọ ń ṣọ́, ìlú tí kálukú wọn wà kò sì tó kìlómítà 30 síra. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n ń sọ ní Wavre. Èdè Dutch, tí í ṣe èdè àwọn ará Nẹ́dálándì, ni wọ́n ń sọ ní Leuven. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì kò gbọ́ ohun tó ń wí. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkọ̀ méjèèjì fi forí sọ ara wọn ní abúlé Pécrot. Ènìyàn 8 ló kú.

Ohun tó tún wá ṣeni ní kàyéfì ni pé ọdún 2001 yẹn gan-an ni Ìgbìmọ̀ Yúróòpù àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún èdè. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìjàǹbá Pécrot ni wọ́n ṣe Àyájọ́ Èdè Yúróòpù àkọ́kọ́, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún títí di òní. Níbi irú àyájọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀làjú, àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ló máa ń pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ Wavre àti Leuven ni pé irinṣẹ́ ni èdè àjèjì jẹ́ ní Yúróòpù, bí sípánà ti jẹ́ irinṣẹ́ mẹkáníìkì, àti pé èdè tí iṣẹ́ máa ń bèèrè jù lọ ni èdè ẹni tó wà lódìkejì ààlà: aládùúgbò tí a jọ ń lo odò, ojú irin, ọjà àti ilé ìwòsàn. Yúróòpù ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tó dára. Èdè aládùúgbò ni wọ́n ń jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni èdè àjèjì ti wúlò jù.

Lórí ìwé, kò sí ibi tí wọ́n ti ka èdè sí tó Yúróòpù. Òfin àkọ́kọ́ pátá tí àjọ tó di Ìṣọ̀kan Yúróòpù lónìí ṣe, lọ́dún 1958, ọ̀rọ̀ èdè ló dá lé: èdè mẹ́rin ni wọ́n yàn nígbà náà, Faransé, Jámánì, Ítálì àti Dutch. Lónìí tí orílẹ̀-èdè 27 wà nínú rẹ̀, èdè tí wọ́n ń lò ti di 24. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí gbogbo ìyókù yóò rí i pé ọ̀nà 552 ló wà níwájú òun. Bí wọ́n bá sì ṣe òfin kan jáde, ti èdè Màltá àti ti èdè Jámánì ló dọ́gba níwájú adájọ́. Kò sí èyí tí wọ́n lè pè ní ẹ̀dà èkejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, àwọn olórí ìjọba pàdé ní Barcelona, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní èdè méjì láti kékeré, yàtọ̀ sí èyí tó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Àmọ́ orí ìwé lọ̀tọ̀, ẹnu èèyàn lọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí lọ́dún 2012, ènìyàn 54 nínú 100 ló ní àwọn lè fi èdè mìíràn kan tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí wọ́n tún wádìí lọ́dún 2023, 59 ni. Àwọn tó gbọ́ èdè àjèjì méjì bí ìpinnu Barcelona ṣe fẹ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ogún ọdún ló sì ti kọjá lórí ìpinnu náà nígbà yẹn.

Bẹ́ljíọ̀m fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ká rí ibi tí ìṣòro náà wà. Èdè mẹ́ta ni òfin mọ̀ níbẹ̀: Dutch ní Flanders lápá àríwá, Faransé ní Wallonia lápá gúúsù, àti èdè Jámánì lẹ́nu àwọn díẹ̀ tó wà létí ààlà ìlà-oòrùn. Ní Flanders, dandan ni kí ọmọ máa kọ́ Faransé tó bá ti dé kíláàsì karùn-ún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Wallonia, wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti fi ọmọ sílẹ̀ kó mú èyí tó bá wù ú, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń wu ọ̀pọ̀ wọn. A ò lè bá wọn wí. Orin tí wọ́n ń gbọ́, fíìmù tí wọ́n ń wò, ohun tí wọ́n ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí ni pé ọmọ Liège àti ọmọ Ghent, tí wọ́n jọ ń sin ọba kan náà, tí wọ́n jọ ń san owó orí sí àpò kan náà, èdè tí àwọn méjèèjì yá lọ́wọ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń fi kí ara wọn. (Ọ̀rọ̀ ará Ìmẹ́kọ ní Nàìjíríà àti ará Kétu ní Benin ló yí padà yìí. Àwọn òyìnbó fa ààlà sáàárín wọn, wọ́n kó Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kan, wọ́n kó Faransé fún èkejì, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn ni wọ́n ṣì fi ń nájà.)

Ẹnìkan lè sọ pé bí àwọn òṣìṣẹ́ méjì yẹn bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú. Bóyá. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ kárí ayé. Ṣùgbọ́n ojú irin kò rí bí òfuurufú. Ẹni tó ń tún irin ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, panápaná abúlé, ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débi ìjàǹbá, èdè ìlú wọn ni wọ́n ń sọ. Ìdí nìyẹn tí òfin Yúróòpù ti ọdún 2007 fi sọ pé awakọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè àwọn tó ń darí ojú irin tó bá ń gbà, ó kéré tán débi ìpele B1. Ìpele yìí wá láti inú òṣùwọ̀n tí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù gbé jáde lọ́dún 2001: A1 ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í kíni, C2 ni ti ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí onílé. Ẹni tó wà ní B1 lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójijì, kó sì lóye ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Nítorí òfin yìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ló ń dúró sétí ààlà kí awakọ̀ kan sọ̀ kálẹ̀, kí òmíràn tó gbọ́ èdè apá ọ̀hún gun orí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà lágbára láti lọ. Èdè ló dá a dúró.

Àwọn tó ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan tó ní ẹ̀rí tiwọn lọ́wọ́, kò sì yẹ ká fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ó lé ní 9 nínú 10 àwọn ọmọ ilé ìwé girama kárí Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó ń kọ́ ọ. Òun ni èdè ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, òun ni èdè ìpàdé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ọdún 2023 yẹn náà, àwọn tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì tàkúrọ̀sọ gẹ́gẹ́ bí èdè àjèjì jẹ́ 47 nínú 100. Àwọn wo ló wà nínú ìyókù? Àwọn àgbà ni, àwọn ará oko, àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ nígbà tí nǹkan bá dé. Ẹ wo ìyá kan tó ti lé ní ẹni 80 ọdún ní ilé ìwòsàn ní Leipzig. Ìlà-oòrùn Jámánì ló ti lọ sílé ìwé, nígbà tí èdè Rọ́ṣíà jẹ́ dandan fún ọmọ ilé ìwé níbẹ̀. Òru ti jìn, àyà ń dùn ún, ó sì pe nọ́ọ̀sì. Àwa náà mọ̀ pé ohun tó ń gúnni kì í ṣe ohun tó ń ta ni, ohun tó ń jóni kì í sì í ṣe ohun tó ń rinni wọnú eegun. Bó bá ní ó ń gún òun bí abẹ́rẹ́, àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan fún un, stechend. Bó bá ń jó o, wọ́n ní òmíràn, brennend. Bó bá wúwo tó kàn dì síbẹ̀, dumpf ni. Ohun tí dókítà máa ṣe lè yí padà lórí èyí tó bá ti ẹnu ìyá náà jáde. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì tó bá ti òkèèrè wá fi gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí hàn pé òun ti dé B2 kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ ní kíkún, yálà Manila ló ti kọ́ṣẹ́ tàbí Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń jókòó ṣèdánwò èdè Jámánì ní Goethe-Institut l'Ékòó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ yékéyéké kò lè gba ipò rẹ̀.

Ti ọjà ni wọ́n máa ń fi ṣe àríyànjiyàn jù, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2006, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ELAN bá iléeṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́ọ́dé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2000 sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè 29. Iléeṣẹ́ 11 nínú 100 ló jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn nítorí àìgbédè. Ẹ jẹ́ ká sì rántí pé ẹni tó mọ̀ pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ òun nìkan ló lè jẹ́wọ́. Oníbàárà tó ka ìwé ìpolówó tí kò yé e, tó sì gba ibòmíràn lọ, kì í padà wá sọ ìdí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ apá kejì. Lọ́dún 2004, ìjọba ibẹ̀ ní èdè àjèjì kò pọn dandan mọ́ fún ọmọ tó bá ti kọjá ọdún 14. Ṣáájú ìgbà náà, ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tó ń fi èdè kan jókòó ṣe ìdánwò GCSE. Nígbà tó fi di ọdún 2011, nǹkan bí 40 nínú 100 ló kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Foreman-Peck ti Yunifásítì Cardiff ṣírò pé àìgbédè ń ná Bìrìtìkó tó bílíọ̀nù 48 pọ́n-ùn lọ́dún. Ìṣirò ni o, a kì í ka irú owó bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì, ẹlòmíì sì lè ṣírò tirẹ̀ kó kéré sí i. Àmọ́ ní Swítsálandì, níbi tí François Grin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìṣirò láti ìhà kejì, wọ́n rí i pé èdè púpọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà wá. Ọ̀kan ṣírò òfò, èkejì ṣírò èrè, ibì kan náà ni ìṣirò méjèèjì kọjú sí.

Fóònù ńkọ́? Ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń dára sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ka orúkọ oúnjẹ ní Lisbon tàbí wá ọ̀nà ilé ìtura, fóònù tó o. Àmọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó ní ẹ̀rọ ìtumọ̀ tirẹ̀ ṣì ń sanwó oṣù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún atúmọ̀ èdè àti ògbufọ̀, nítorí ẹni tí òfin bá mú kò lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣì í. Ẹ̀rọ nílò kí èèyàn méjì fara balẹ̀, kí wọ́n sì máa dúró de ara wọn. Àwọn ará Wavre àti Leuven kò ráyè ìyẹn.

Àtakò tó lágbára jù lójú tèmi ni ti àwọn tó ní ẹ̀kọ́ èdè púpọ̀ ń wọ ọmọ tálákà lọ́rùn. Kò sí ibi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò tó Luxembourg, orílẹ̀-èdè kékeré tó há sáàárín Jámánì, Faransé àti Bẹ́ljíọ̀m. Níbẹ̀, èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, á ní «Moien», tí í ṣe ìkíni ní èdè Luxembourg, á wá fi Faransé ra búrẹ́dì, nítorí ẹni tó ń tà á lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 200,000 tó ń sọdá ààlà wá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Faransé ni wọ́n fi ń kọ òfin, èdè Luxembourg ni àwọn aṣòfin fi ń jiyàn lórí rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀, èdè Jámánì ló sì pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn Luxemburger Wort tó ń ròyìn àríyànjiyàn náà lọ́jọ́ kejì. Ní ilé ìwé, èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti mọ̀wé kà. Tó bá dé ilé ìwé girama, ìṣirò tó ti ń fi èdè Jámánì ṣe á di ti Faransé. Ọmọ tí wọ́n ń sọ èdè Luxembourg nílé rẹ̀ lè là á já, torí pé èdè náà bá ti Jámánì tan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Potogí, tí wọ́n pọ̀ gan-an níbẹ̀, Jámánì ṣòro fún wọn, ọ̀pọ̀ wọn a sì bọ́ sẹ́yìn nínú kíláàsì, kì í ṣe torí pé orí wọn kò pé. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní ilé ìwé mẹ́rin pé kí àwọn òbí yàn bóyá Faransé ni kí ọmọ fi kọ́ ìwé kíkà.

Bí mo ṣe wò ó, iye èdè kọ́ ni Luxembourg ṣàṣìṣe lé lórí. Ohun tó fa wàhálà ni èdè tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ. Èdè ìyá ló yẹ kó ṣáájú, kí méjì tí ìpinnu Barcelona ń wí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí èyí wà nítòsí wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà n'Ífẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹlẹ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Èyí tó sì tún lè mú ẹrù náà fúyẹ́ ni pé gbígbọ́ kò nira tó sísọ. Ní ìpàdé àwọn ará Swítsálandì, ó wọ́pọ̀ kí ẹnìkan sọ Jámánì, kí èkejì fi Faransé dá a lóhùn, kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń ti ẹnu bọ èdè ẹlòmíì tipátipá. Etí nìkan ni kálukú yá èkejì. Bí òṣìṣẹ́ Leuven bá ní irú etí bẹ́ẹ̀ fún Faransé, kò nílò kó lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Àwọn tó jagun rí ló tètè lóye ohun tí èdè aládùúgbò lè ṣe. Charles de Gaulle kọ́ èdè Jámánì, ó sì lo ọdún méjì ó lé nínú àhámọ́ àwọn ará Jámánì nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1962, òun ààrẹ Faransé dìde nínú àgbàlá ààfin Ludwigsburg níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ Jámánì, ó sì fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀ láìwo ìwé. Ọdún 17 péré ni ogun kejì ti parí nígbà náà. Òṣèlú ńlá ni, ó mọ ohun tó ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe iṣẹ́ tí Jámánì ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn. Lóṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti Konrad Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ààfin Élysée, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìjọba méjèèjì yóò sapá kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ èdè ara wọn lè pọ̀ sí i. Láti inú àdéhùn náà ni wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń gbé ọ̀dọ́ Faransé lọ Jámánì, tó ń gbé ti Jámánì lọ Faransé. Àwọn tó ti bá a rìn ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án.

Síbẹ̀ náà, àwọn ọmọ Faransé tó ń yan èdè Jámánì nílé ìwé ti dín kù gan-an sí ti àwọn òbí wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú ipò kìíní, Sípáníṣì ló sì ń gba ipò kejì. Saarland, ìpínlẹ̀ Jámánì kan tó fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Faransé, ló gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2014, ìjọba ibẹ̀ kéde pé tó bá fi máa di ọdún 2043, àwọn fẹ́ kí Faransé di èdè tí gbogbo ìlú ń lò pẹ̀lú Jámánì. Kì í ṣe ilé ìwé gíga ni wọ́n gbájú mọ́ jù. Ilé ìtọ́jú ọmọdé ni, níbi tí olùtọ́jú tó jẹ́ ọmọ Faransé ti ń bá ọmọ ọdún mẹ́ta sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá a wọ bàtà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìkéde náà yóò ti di ẹni ọdún 29 nígbà tí gbèdéke bá pé, wọn yóò ti máa wa ọkọ̀, wọn yóò ti máa tọ́jú aláìsàn, wọn yóò sì ti máa gbé tẹlifóònù tó bá dún láti òdìkejì ààlà.